Orúkọ fún Ẹ̀rọ Ìfàgbàrá: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àfijọ Àgbàrá nínú Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a lè lò ní èdè Yorùbá nígbà tí a bá ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń fi ẹ̀rọ tí ń fa omi òjò sí inú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹnjiníà fi ń yẹ gọ́tà àti ojú àgbàrá ìlú wò. Ètò kan pàtó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀jálẹ̀. SWMM ni orúkọ rẹ̀. EPA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo àyíká, ni ó ni ín. Láàrin ọdún 1969 sí 1971 ni ilé-iṣẹ́ Metcalf and Eddy, Yunifásítì Florida àti ilé-iṣẹ́ Water Resources Engineers jọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2004 ni ẹ̀dà karùn-ún, tí wọ́n tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, jáde. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Èyí ni ó mú kí á yàn án: akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lè ní in lọ́wọ́ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ náà kò parí sí ọwọ́ ẹnjiníà. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jókòó ti ẹ̀rọ ní òru, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ń kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà, àti ẹgbẹ́ àwọn onílé tí ilé wọn wà ní ẹ̀bá ojú àgbàrá, Yorùbá ni wọ́n ń sọ láàrin ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń dúró fún ohun méjì ní ẹnu wọn, àgbàrá ni yóò ya ohun méjèèjì náà sọ́tọ̀ fún wọn, kì yóò sì fi ẹ̀sọ̀ yà wọ́n.

Láti ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, kò tún sí iyèméjì pé èdè yìí lè ru ẹrù irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni bí a ó ti máa di ẹrù náà. Àwọn àgbà ní, ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà mẹ́ta ni a tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí:

(1) (a) Kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ lò ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe nínú èdè.
(b) Kí á sọ nǹkan lórúkọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti pè é.
(d) Kí ọ̀rọ̀-ìperí kan má ṣe dúró fún ju ohun kan ṣoṣo lọ.

2. Àgbàrá àti ẹ̀rọ tí ń fà á

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Omi tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run ni òjò. Nígbà tí ó bá kanlẹ̀, tí ilẹ̀ kò lè fà á mu tán, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di àgbàrá. Bí àgbàrá bá wọ inú ilé tàbí ọjà, omíyalé ni a ń pè é. Omi tí a fi wẹ̀, tí a fi fọṣọ, tàbí tí ó ti ilé ìgbẹ́ wá kì í ṣe àgbàrá rárá. Omi ìdọ̀tí ni. Ìpín yìí gan-an ni àwọn ẹnjiníà ń lò, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú, páìpù tí ń gbé àgbàrá yàtọ̀ sí èyí tí ń gbé omi ìdọ̀tí. Nítorí náà a kò nílò ọ̀rọ̀ titun fún omi òjò tí ń ṣàn. Àgbàrá tó.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àgbàrá òjò kò lóun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí onílé fi ń kọ̀ fún un. Kí ni kí á pè é? Pọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò ní ojoojúmọ́, a kò sì ní í gbà á lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ni a tún fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Bí a bá sì pè é ní ẹ̀rọ omi, a ti tẹ ìlànà (1a) lójú, nítorí pé ẹ̀rọ omi lọ́dọ̀ Yorùbá ni ibi tí a ti ń gba omi mímu. Omi ẹ̀rọ ni a fi ń pe omi ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìfàgbàrá ni a dábàá: ẹ̀rọ tí a fi ń fa àgbàrá.

Ó yẹ kí á kìlọ̀ nípa àmì ohùn níhìn-ín. Àgbàrá yàtọ̀ sí agbára, ìfàgbàrá sì yàtọ̀ sí ìfagbára. Nínú ìwé tí a kò bá fi àmì sí, ẹni tí ó bá ka ohun tí a kọ nípa agbára ẹ̀rọ àti àgbàrá tí ẹ̀rọ ń fà yóò rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ni ohun tí mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ń jẹ, èkejì ni ohun tí ẹ̀rọ ń gbé dànù. Nítorí náà, fífi àmì sí ọ̀rọ̀ nínú irú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ tí ó nílò ẹ̀rọ yìí àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Ìbàdàn jẹ́ ìlú olókè. Nígbà tí odò Ògùnpa kún bo bèbè ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí ó pa ènìyàn púpọ̀, àti nígbà tí omíyalé tún dé ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, kì í ṣe pé àgbàrá kò mọ ibi tí yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n; ọ̀nà rẹ̀ ni ó há. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò ojú àgbàrá gbígbòòrò ju ẹ̀rọ lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Apá ńlá nínú ìlú náà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Òjò tí ó bá rọ̀ síbẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀ tí yóò ṣàn lọ. Ẹ̀rọ ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gòkè lọ sí adágún Pontchartrain. Ní ọdún 1913 ni A. Baldwin Wood, ẹnjiníà tí ń ṣiṣẹ́ fún àjọ omi ìlú náà, ṣe irú ẹ̀rọ ìfàgbàrá ńlá kan tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Èkó wà láàrin méjèèjì: ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀sà sì wà ní ẹnu gọ́tà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, àgbàrá kò lè tètè jáde mọ́. Àwọn tí ó rí òjò ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 2011 ní Èkó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

3. Àfijọ, ojúkò àti ìsopọ̀

Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe ni pé ó ń ṣe ìlú kan tí ó jọ ìlú wa, ó ń rọ òjò sí i, ó sì ń ṣírò ibi tí àgbàrá yóò dé. Kí ni orúkọ ìlú tí a ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ ronú kan àwòṣe. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni ohun tí a ń wò kí á lè ṣe irú rẹ̀, bí télọ̀ ti ń wo aṣọ kan rán òmíràn. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀: ìlú ni ó kọ́kọ́ wà, a wò ó, a sì ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Àfijọ ni a fara mọ́. Orúkọ yìí tún ń rán wa létí pé ohun tí a fi jọ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà.

Inú àfijọ ni a ti rí ilẹ̀ agbòjò, èyí tí òjò ń rọ̀ sí. Àgbàrá láti orí ilẹ̀ agbòjò ń dé ojúkò, èyí tí í ṣe ibi kan pàtó tí omi ti ń pàdé, tí ó ti ń dúró, tàbí tí ó ti ń dànù. Ohun tí ó so ojúkò kan mọ́ òmíràn ni ìsopọ̀. Gọ́tà jẹ́ ìsopọ̀, páìpù jẹ́ ìsopọ̀. Ojúkò tí ó kẹ́yìn, níbi tí àgbàrá ti kúrò lọ́wọ́ wa bọ́ sínú odò, ọ̀sà tàbí òkun, ni ojú ìdànù.

Ìsopọ̀ ni ẹ̀rọ ìfàgbàrá nínú àfijọ, kì í ṣe ojúkò. Èyí ni ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú, nítorí pé ní ojú ayé, ẹ̀rọ wà ní ibi kan, ó sì ní ilé tí a kọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nínú àfijọ, ìlà ni a fà láti ojúkò kan dé èkejì, ẹ̀rọ sì ni ìlà náà. Bí olùkọ́ bá lo ilé ẹ̀rọ fún un, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀, kì yóò rí i.

Ètò náà ń béèrè ojúkò méjì tí ẹ̀rọ so pọ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn dá lórí wíwọlé àti jíjáde. Ojú ta ni a fi ń wò ó? Omi tí ń wọ inú ẹ̀rọ, inú kòtò ni ó ti ń jáde. Ẹni tí ó dúró ti kòtò yóò pe ibẹ̀ ní ìjáde, ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ yóò pè é ní ìwọlé, àwọn méjèèjì kò sì purọ́. A dábàá ojúkò ìfàkúrò fún ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa àgbàrá, àti ojúkò ìdàsí fún ibi tí ó ń dà á sí. Ibikíbi tí ènìyàn bá dúró sí, ìfàkúrò àti ìdàsí kò lè pààrọ̀ ara wọn. Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán ni èyí. Bí a bá fi ojúkò kan sí ipò èkejì, ẹ̀rọ inú àfijọ yóò máa fa omi ọ̀sà wọ ìlú.

4. Kòtò ìfami àti àmì méjì

Ojúkò ìfàkúrò sábà máa ń jẹ́ kòtò tí a gbẹ́, tí a sì fi kọ́ńkéré tẹ́, tí àgbàrá ń kó sí kí ẹ̀rọ tó fà á. Bí a bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kànga tútù ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń pọn omi mímu ni kànga, kò sì sí kànga tí kì í tutù. Kòtò ìfami ni a dábàá.

Jíjìn omi nínú kòtò yìí ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí omi bá jìn dé ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá fà á sílẹ̀ dé ìwọ̀n mìíràn, ẹ̀rọ yóò dáwọ́ dúró. Ní ojoojúmọ́ a ń sọ pé a tan ẹ̀rọ, a sì pa ẹ̀rọ. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá sọ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyí di ọ̀rọ̀ orúkọ. Jíjìn ìtàn yóò jọ ọ̀rọ̀ àwọn òpìtàn. Jíjìn ìpa yóò mú ènìyàn ronú ikú. Nítorí èyí, a yan dìde àti sinmi. Àmì ìdìde ni jíjìn tí ẹ̀rọ ń dìde sí. Àmì ìsinmi ni jíjìn tí ó ń sinmi sí. A ó rí àǹfààní kejì tí sinmi ní ní ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kan ṣe àlàyé. Ká sọ pé kòtò ìfami kan, K1, fẹ̀ ní mítà 4, ó gùn ní mítà 5, ó sì jìn ní mítà 4. Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi jìn nínú rẹ̀ yóò gba lítà 20,000. Ẹ̀rọ rẹ̀, E1, ń fa lítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A fi àmì ìdìde sí mítà 1.5, a sì fi àmì ìsinmi sí mítà 0.5. Bí àgbàrá bá ń wọlé ní lítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba bí ìṣẹ́jú 17 kí omi tó kún láti àmì ìsinmi dé àmì ìdìde, yóò sì gba bí ìṣẹ́jú 11 kí ẹ̀rọ tó fà á padà sílẹ̀. Ẹ̀rọ yóò dìde bí ìgbà méjì ní wákàtí kan. Kò sí ìyọnu.

Ká wá sọ pé ẹnìkan rò pé àmì kan ṣoṣo ni, tí ó sì fi ìdìde sí mítà 1.0 àti ìsinmi sí mítà 0.9. Lítà 2,000 péré ni ó wà láàrin méjèèjì. Kòtò yóò kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 100, ẹ̀rọ yóò fà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 67. Ẹ̀rọ yóò dìde ju ìgbà 20 lọ ní wákàtí kan. Mọ́tọ̀ tí a bá ń jí bẹ́ẹ̀ ní àjítúnjí yóò gbóná, yóò sì jó. Ìdí nìyí tí a fi tẹnu mọ́ ọn pé àmì ìdìde àti àmì ìsinmi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Ohun tí ó wà láàrin wọn ni a dábàá pé kí á máa pè ní àyè ìmí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí.

Ètò náà tún gbà kí á fi òfin darí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà yóò kà, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni, àti lára ògiri ilé ẹ̀rọ, a lè kọ òfin ẹ̀rọ kejì, E2, báyìí:

(2) (a) BÍ jíjìn K1 bá ju mítà 2.5 lọ, KÍ E2 dìde.
(b) BÍ jíjìn K1 bá dín sí mítà 1.0, KÍ E2 sinmi.

Gbólóhùn oní-bí ti Yorùbá bá iṣẹ́ yìí mu láìsí àtúnṣe kankan. Ní ìṣísẹ̀ àkókò kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń wo ohun tí ó wà lẹ́yìn BÍ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe ohun tí ó wà lẹ́yìn KÍ.

5. Ìlà ìṣe àti ìgbéga

Báwo ni kọ̀ǹpútà yóò ti mọ iye àgbàrá tí ẹ̀rọ ń fà? A gbọ́dọ̀ fún un ní ìlà ìṣe ẹ̀rọ náà. Ìlà ìṣe ni àwòrán tí ń fi hàn bí ìwọ̀n ìṣàn ti ń yí padà bí ohun mìíràn bá ń yí padà. Ẹ̀yà márùn-ún ni ètò yìí mọ̀:

(3) (a) Ẹ̀yà kìn-ín-ní: iye omi tí ó wà nínú kòtò ni ó ń pinnu ìṣàn, ìṣàn sì ń ga ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn.
(b) Ẹ̀yà kejì: jíjìn ojúkò ìfàkúrò ni ó ń pinnu rẹ̀, bí àtẹ̀gùn bákan náà.
(d) Ẹ̀yà kẹta: ìgbéga ni ó ń pinnu rẹ̀, ìlà náà sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
(e) Ẹ̀yà kẹrin: jíjìn ni ó ń pinnu rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlà rẹ̀, kò ní ìpele, ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ ń yí padà ni.
(ẹ) Ẹ̀yà karùn-ún, tí wọ́n fi kún un nínú ẹ̀dà 5.2: ó jọ ẹ̀yà kẹta, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ń yí padà.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a lo ọ̀rọ̀ kan, ìgbéga, tí a kò tíì ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ tí í ṣe orí pè é, a sì ti rí ibi tí a ti kọ ọ́ ní orí omi nínú ìwé ìkọ́ni. Orí omi ní Yorùbá ni òkè omi, ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ohun tí ẹnjiníà ń sọ kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó ń sọ ni bí ẹ̀rọ yóò ti gbé omi ga tó: ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojú omi ní ojúkò ìfàkúrò àti ojú omi ní ojúkò ìdàsí. Ìgbéga ni iṣẹ́ náà, ìgbéga sì ni kí á pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìlú tí ó wà létí ọ̀sà. Ká sọ pé ojú omi nínú kòtò ga ní mítà 0.8, ojú omi ní ibi tí a ń dà á sí sì ga ní mítà 3.8. Ìgbéga jẹ́ mítà 3. Bí ọ̀sà bá wá kún, tí ojú omi ìdàsí fi mítà 0.6 ga sí i, ìgbéga di mítà 3.6, bẹ́ẹ̀ ni jíjìn kòtò kò yí padà rárá. Ẹ̀rọ tí a fi ẹ̀yà kejì kọ sínú àfijọ yóò máa fa iye tí ó ń fà tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èyí tí a fi ẹ̀yà kẹta kọ yóò fi hàn pé ìṣàn ti dín kù, bí ó ti máa ń rí ní tòótọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ ya jíjìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbéga kò lè yan ẹ̀yà ìlà tí ó tọ́.

Ẹ̀rọ kan ṣì kù, èyí tí kò ní ìlà ìṣe. Ìṣàn tí ó bá wọ ojúkò ìfàkúrò rẹ̀ náà ni ó ń fà, kò kù sílẹ̀, kò sì lé. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ohun tí ó pé. Bí a bá pè é ní ẹ̀rọ pípé ní Yorùbá, àwọn ènìyàn yóò béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kò sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ayé. Inú èrò ni a ti ń lò ó, nígbà tí a kò tíì mọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tí a ó rà. Ẹ̀rọ àfinúrò ni a dábàá. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a rí i nínú ìròyìn ìkẹyìn.

A tún fẹ́ fi kún un pé òǹkà ìṣàn kò ní ìtumọ̀ láìsí òṣùwọ̀n. Bí a bá kọ 50 sí ìlà ìṣe, lítà 50 ni kọ̀ǹpútà yóò kà bí a bá ti sọ fún un pé lítà ni à ń lò. Bí ó bá jẹ́ pé mítà oníhà-mẹ́ta ni a yàn ní ìbẹ̀rẹ̀, 50 náà di lítà 50,000. Kò sí òjò tí yóò ṣẹ́gun irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àfijọ náà yóò sì máa tan ẹni tí ó ṣe é jẹ.

6. Ó ń sinmi ni, àbí ó ti bàjẹ́?

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ní ẹnu wa lójoojúmọ́, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, a ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti kú. Bí a bá tìkára wa dá a dúró, a ń sọ pé a pa á. Bí mọ́tọ̀ rẹ̀ bá jó, a tún ń sọ pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹ̀rọ tí yóò dìde nígbà tí omi bá dé àmì ìdìde, àti fún èyí tí kò ní í dìde bí omi tilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. SWMM náà kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé ipò méjì péré ni ó mọ̀: kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, tàbí kí ó má ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń ṣe àfijọ ni ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́.

Ipò mẹ́ta ni a dábàá pé kí á máa kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi, ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ń sinmi ti múra tán. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, tàbí tí a tú palẹ̀ láti tún un ṣe, kò sí nínú òǹkà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní New Orleans ní ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún 2017 yóò jẹ́ kí ohun tí a ń sọ hàn kedere. Òjò ńlá rọ̀. Ní àwọn àdúgbò kan, bí ínṣì 9 ni ó rọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Omi wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bo ọkọ̀ ní títì. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn aláṣẹ sọ fún ará ìlú pé àwọn ẹ̀rọ ìfàgbàrá ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé àwọn kan nínú wọn kò ṣeé lò ní ọjọ́ náà, àti pé ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ̀lú ní àbùkù. Àwọn ọ̀gá kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. A kò sọ pé èdè ni ó fa omíyalé yẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé iye ẹ̀rọ tí ìlú ní kì í ṣe iye ẹ̀rọ tí ó lè dìde, àti pé ìlú tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya ọ̀kan kúrò lára èkejì kò lè béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí ó béèrè.

Àwọn ẹnjiníà ní ìlànà kan fún èyí. Bí wọ́n bá ń ṣírò agbára ilé ẹ̀rọ kan, wọ́n máa ń yọ ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ kúrò, bí ẹni pé ó bàjẹ́, wọn a sì ka èyí tí ó kù. A dábàá agbára àgbẹ́kẹ̀lé fún iye tí ó kù yìí, kí ó lè yàtọ̀ sí àpapọ̀ agbára. Ẹ jẹ́ kí á padà sí kòtò K1. Ó ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa lítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpapọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ lítà 100, ṣùgbọ́n agbára àgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ jẹ́ 50. Ká sọ pé òjò ńlá mú kí lítà 80 máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. E1 dìde ní mítà 1.5, kò ká a. Omi ń ga sí i. Ní mítà 2.5, E2 dìde, àwọn méjèèjì sì borí àgbàrá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí E2 bá ti bàjẹ́, tí ìwé àkọsílẹ̀ sì sọ pé ó ti kú lásán, tí ẹni tí ó kà á rò pé ó ń sinmi ni, lítà 30 ni yóò máa ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti mítà 2.5 yẹn, ìṣẹ́jú 17 péré ni ó kù kí kòtò tó kún bo ẹnu.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé àfijọ kan parí àfi bí a bá ti dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ bíbàjẹ́. Bí a ti ń ṣe é rọrùn: a ó fi ipò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ sí àìṣiṣẹ́, a ó yọ àmì ìdìde rẹ̀ àti òfin tí ń pè é kúrò, a ó sì tún òjò náà rọ̀.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí àti àgbálọgbábọ̀

A tò àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá sí ìsàlẹ̀ yìí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá, kí ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò lè rí wọn ní ojú kan:

Àfijọ: ohun tí a ṣe nínú kọ̀ǹpútà tí ó jọ ìlú àti ọ̀nà omi rẹ̀.
Ilẹ̀ agbòjò: ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, tí àgbàrá rẹ̀ ń dé ojúkò kan.
Ojúkò: ibi pàtó nínú àfijọ tí omi ti ń pàdé, tí ó ti ń dúró, tàbí tí ó ti ń dànù.
Ìsopọ̀: ohun tí ń gbé omi láti ojúkò kan dé òmíràn.
Ojú ìdànù: ojúkò ìkẹyìn, tí àgbàrá ti ń bọ́ sínú odò, ọ̀sà tàbí òkun.
Ẹ̀rọ ìfàgbàrá: ìsopọ̀ tí ń fa àgbàrá láti ojúkò ìfàkúrò dé ojúkò ìdàsí.
Kòtò ìfami: kòtò tí àgbàrá ń kó sí kí ẹ̀rọ tó fà á.
Àmì ìdìde, àmì ìsinmi: jíjìn tí ẹ̀rọ ń dìde sí, àti èyí tí ó ń sinmi sí.
Àyè ìmí: ohun tí ó wà láàrin àmì méjèèjì.
Ìlà ìṣe: àwòrán tí ń fi iye tí ẹ̀rọ ń fà hàn.
Ìgbéga: ìyàtọ̀ gíga láàrin ojú omi ìfàkúrò àti ojú omi ìdàsí.
Ẹ̀rọ àfinúrò: ẹ̀rọ tí ń fa gbogbo ohun tí ó bá wọlé, tí kò sí ní ojú ayé.
Ìṣísẹ̀ àkókò: àkókò kékeré tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò lé lórí, lẹ́yìn èyí tí yóò bọ́ sí òmíràn.
Agbára àgbẹ́kẹ̀lé: agbára tí ó kù bí ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ bá bàjẹ́.

A kò rò pé gbogbo wọn ni yóò dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ojúkò lọ, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ sì lè ti ní orúkọ tiwọn fún àmì méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tiwọn ni kí á gbà, nítorí pé ẹni tí ó ń lo nǹkan ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yòówù tí a bá yàn, ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan: bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ bá pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù ní òru, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ó sì sọ ipò tí ẹ̀rọ wà, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ mọ̀, láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, bóyá kí ó dúró de ẹ̀rọ náà láti dìde, tàbí kí ó lọ jí àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò.